Ta Ni Onígbọ̀wọ́ Awakọ̀ Tí Kò Ní Ọkọ̀? Èrò Lórí Ìdójútòfò Ọkọ̀ ní Etíkun Àgbádárìgì

  

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó wá ń sọ̀rọ̀ lórí ìdójútòfò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé ìdójútòfò. Ó ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní ẹni tí a kò dárúkọ rárá. Lójú ọ̀nà tí ó ti Máìlì Tuu wá sí Òkòkòmáíkò, tí ó gba Àgbárá kọjá wá sí Àgbádárìgì, tí ó sì parí sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, ẹni tí a kò dárúkọ yìí ni awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀: ẹni tí ó gba dánfó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, tí ó ń dá owó fún un lójoojúmọ́, tí ìyókù sì jẹ́ oúnjẹ òun àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ti ní orúkọ burúkú, tí ó ti forí sọ ọkọ̀ ẹlòmíràn rí, tàbí tí a ti gba ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ rí, ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Òfò àti Onígbọ̀wọ́

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni à ń pe àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tí í ṣe ẹni tí ó ń dójú ti òfò. Nínú ẹsẹ Ifá, Òfò kì í dá rìn. Ó wà lára àwọn ajogun, òun pẹ̀lú Ikú, Àrùn, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pàdé lójú títì: ọkọ̀ gbá ènìyàn, Ikú tàbí Èṣe bá ẹni tí a gbá, Ọ̀ràn bá ẹni tí ó wa ọkọ̀, Ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é, Òfò sì kárí gbogbo wọn. Kò sí owó tí ó lè dójú ti Ikú. Òfò ni ọwọ́ ènìyàn lè ká, bí a bá ti dá owó jọ dè é kí ó tó dé.

Kí ìdójútòfò tó dé ilẹ̀ wa ni a ti ní onígbọ̀wọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó, ó ní láti mú ẹni tí yóò dúró fún un lọ síwájú olówó. Bí ajigbèsè bá sá, onígbọ̀wọ́ ni a ó dì mú. Kókó tí mo fẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ni pé ènìyàn ni onígbọ̀wọ́ ń dúró fún, kì í dúró fún ẹrù. Ìwà ẹni ni ó ń gbé yẹ̀ wò kí ó tó gbà. Nítorí náà, ó ṣòro fún oníwàkiwà láti rí onígbọ̀wọ́. Síbẹ̀ ẹbí a máa forí kó o fún un, nítorí pé bí ó ti wù kí ọmọ burú tó, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ.

Òfin Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀

Ọ̀nà mìíràn ni òfin ìdójútòfò ọkọ̀ ní Nàìjíríà gbà. Láti ìgbà òfin ọdún 1945 ni ó ti di kànńpá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ọkọ̀ lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, láìsí ìdójútòfò tí yóò san owó fún ẹnìkẹta tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí tí ó bá ṣe léṣe. Òfin ọdún 2003 sọ ti dúkìá ẹnìkẹta tí ọkọ̀ bá bà jẹ́, tó mílíọ̀nù kan náírà. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò ti 2003, tí ó sì tún gbogbo iṣẹ́ ìdójútòfò tò. Ṣáájú èyí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ẹnìkẹta wò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye owó tí Àjọ tí ń ṣàkóso ìdójútòfò, NAICOM, fi lélẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ọkọ̀ àdáni, ₦15,000, tí dúkìá ẹnìkẹta sì lè gba tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦5,000, fún mílíọ̀nù méjì. Alùpùpù, ₦3,000, fún mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ₦100,000, fún mílíọ̀nù márùn-ún. A ó rí i pé irú ọkọ̀ ni ìwé yìí ń wò. Awakọ̀ pẹ̀lẹ́ àti awakọ̀ oníwàǹwára, iye kan náà ni àwọn méjèèjì yóò san bí ọkọ̀ wọn bá jọra. Kò sì sí ìlà kan fún ẹni tí kò ní ọkọ̀. Ọkọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Ènìyàn kò ní.

Ẹ̀wù Àgbàwọ̀

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Ohun ẹni ní í bá ni mu rẹ́múrẹ́mú. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ gan-an ni ìdójútòfò jẹ́ fún awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdójútòfò, a máa kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọlọ́kọ̀ wà lábẹ́ ààbò, bí ó bá ní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ tí ó dára, tí ilé-ẹjọ́ kò sì tíì dá a lẹ́kun ìwakọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí ìwé-àṣẹ rẹ̀ ti kú, òun gan-an ni ẹ̀wù náà kò bò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ̀wù yìí fi ń fún ni lápá. Bí ọlọ́kọ̀ bá gba ìwé ọkọ̀ àdáni, tí ó sì fi ọkọ̀ náà kó èrò, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí àwọn gbowó lé lórí. Bí ìwé bá ti kú láti oṣù tí ó kọjá, awakọ̀ lè má mọ̀. Bí ọ̀ràn bá sì dé kóòtù, ọlọ́kọ̀ lè sọ pé awakọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé ó kàn yá ọkọ̀ lọ́wọ́ òun ni. Ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú kò lè sọ irú èyí. Ọrùn rẹ̀ ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá aláta tí ó ń tajà lẹ́bàá títì, tí ọkọ̀ sì gbá, ni yóò wá wà láàárín ọlọ́kọ̀ tí ń sẹ́ àti awakọ̀ tí kò ní kọ́bọ̀.

Ní Ẹnu Ibodè

Àwa tí a wà ní etíkun yìí tún mọ ìṣòro mìíràn. Ọkọ̀ tí ó kúrò ní Àgbádárìgì lè dé Kutọnu kí ọjọ́ tó kanrí, òfin ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe fọwọ́ sí àdéhùn ní Kutọnu ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1982, tí ó bí ìwé tí à ń pè ní Brown Card. Ilé-iṣẹ́ àgbà rẹ̀ wà ní Lómè. Bí ọkọ̀ Nàìjíríà tí ó ní káàdì yìí bá ṣe ẹnìkan léṣe ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ́fíìsì àdéhùn náà níbẹ̀ ni yóò mójú tó ọ̀ràn náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni òun pẹ̀lú ń tẹ̀lé. Awakọ̀ tí a bẹ̀ pé kí ó bá ni wa ọkọ̀ kọjá Sẹ̀mẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè káàdì náà kí ó tó jókòó sídìí ìdarí.

Bí Wọ́n Ti Ń Ṣe É Lókè Òkun

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìpínlẹ̀ Massachusetts ti sọ ìdójútòfò ọkọ̀ di kànńpá ní ọdún 1927, ìdójútòfò wà fún ẹni tí kò ní ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìpalára tí awakọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn ni ó ń san; kì í tún ọkọ̀ tí ó yá ṣe, kì í sì í tọ́jú ọgbẹ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé ọlọ́kọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sanwó. Èyí a wá san ìyókù. Kì í sábà kan ọkọ̀ ará ilé ẹni tí a ń lò déédéé.

Ẹni tí ó mutí wakọ̀, tí ó sì fẹ́ gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ padà, ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń béèrè ìwé tí a ń pè ní SR-22 lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó ń fi í ránṣẹ́ sí ìjọba, láti fi jẹ́rìí pé ẹni yìí ní ìdójútòfò. Ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́ta. Bí owó bá já lágbede méjì, ilé-iṣẹ́ náà yóò sọ fún ìjọba, ìwé-àṣẹ yóò sì tún lọ. Gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ń ṣe é, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ń wá a sọ ohun tí ó nílò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má sì fi àṣìṣe àtẹ̀yìnwá pamọ́. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ ọ́, ìpínlẹ̀ ní ètò tí ó ń pín irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n a kò lé ọmọ burúkú fún ẹkùn.

Ohun Tí A Lè Ṣe

Ní báyìí ná, kí awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Èkíní, kí ó rí ìwé náà, kí ó sì wo ọjọ́ tí yóò kú. Ó lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkójọ NIID, nítorí pé ayédèrú ìwé wà. Èkejì, kí ó rí i pé iṣẹ́ tí a kọ sínú ìwé bá iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣe mu. Ẹ̀kẹta, kí ó rí i pé ìwé náà gba ẹlòmíràn láàyè láti wa ọkọ̀, kí ìwé-àṣẹ tirẹ̀ náà sì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju agbára ẹnìkan lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn awakọ̀ ti ń dá àjọ, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ ní gbogbo gáréèjì. Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò jọ dá ètò kan sílẹ̀ tí yóò tẹ̀lé awakọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yòówù kí ó máa wà. Kí ẹni tí ó bá ti ṣe jàǹbá sanwó jù, kí ẹni tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ sanwó díẹ̀. Èyí yóò dá ìwà padà sínú ìgbọ̀wọ́, níbi tí àwọn baba wa fi í sí.

Àwọn kan yóò ní à ń ti oníwàkiwà lẹ́yìn. Rárá o. Ìdójútòfò kì í bá ni ṣẹ̀wọ̀n, kò sì gbọdọ̀ dá ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́kun padà sójú títì. Ẹni tí à ń ro tiẹ̀ ni ìyá aláta. Bí a bá lé awakọ̀ burúkú kúrò lábẹ́ ààbò, tí ó sì ń wakọ̀ lọ síbẹ̀, òun kọ́ ni ìyà náà yóò jẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwọn baba wa ń dúró fún ènìyàn, pé òfin òde òní ń dúró fún ọkọ̀, àti pé àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ ń já sí, tí ó sì ń fa ẹlòmíràn lọ́wọ́ já síbẹ̀. A lè dí àlàfo náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.