Ká Fi Kún Wọn Ni, àbí Ká Kó Wọn Wálé? Ohun Tí ECOMOG Fi Kọ́ Nàìjíríà



Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lónìí kò gùn: bí ọmọ ogun wa bá ti wà lójú ogun nílẹ̀ òkèèrè, tí ogun ọ̀hún kò parí, ṣé ká fi kún wọn ni àbí ká kó wọn wálé? Vietnam àti Afghanistan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ bí wọ́n bá gbọ́ irú ìbéèrè yìí. Èmi kò ní í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ìbéèrè yìí fi dúró síwájú Nàìjíríà ní Monrovia àti Freetown, ìdáhùn ìlàjì-ìlàjì la sì fún un.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni Charles Taylor àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọ Làìbéríà. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Monrovia ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ìgbìmọ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, jókòó ní Banjul, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù náà ni ọkọ̀ ojú omi wọn sì gúnlẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pa àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin. Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà pé a lọ. Ìjà mi ni pé a lọ láìsọ ohun tí ojú wa gbọ́dọ̀ rí ká tó sọ pé iṣẹ́ ti parí.

Wọ́n ní kí ECOMOG lọ ṣọ́ àlàáfíà, àlàáfíà kankan kò sì sí níbẹ̀ tí wọn ì bá ṣọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gúnlẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, fi mú Ààrẹ Samuel Doe nínú ọgbà ECOMOG gan-an, tí wọ́n sì lọ pa á. Wọ́n pààrọ̀ Ọ̀gágun Quainoo ará Ghana tó ń darí ECOMOG, Joshua Dogonyaro wa gba ipò náà.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Taylor kọlu Monrovia lójijì. Wọ́n ti pa ọmọ ogun Senegal mẹ́fà ní Vahun lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí ọdún 1993 sì bẹ̀rẹ̀, Dakar kó àwọn tirẹ̀ lọ. Nàìjíríà fi kún tirẹ̀. Ọ̀gágun Adétúnjí Olúrìn, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ṣáájú wọn. Wọ́n lé Taylor kúrò létí ìlú, wọ́n gba èbúté Buchanan ní oṣù Kẹrin ọdún 1993. Ní oṣù Keje, ẹgbẹ́ Taylor fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Kútọnu.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nìyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé ká fi kún un, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iye ọmọ ogun tí a fi síbẹ̀ tó láti dáàbò bo Monrovia, kò tó láti fòpin sí ogun. Ó tún gba àdéhùn méjì ní Àbújá, ti ọdún 1995 àti ti 1996, kí wọ́n tó dìbò ní oṣù Keje ọdún 1997. Ta ló wọlé? Charles Taylor ni, pẹ̀lú bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò. Ẹni tí a bá jà fún ọdún méje la dúró ṣọ́ àpótí ìbò fún.

Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ńkọ́? Ìlú tí Àjàyí Crowther ti kàwé, tí àwọn Sàró wa ti wá, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997. Oṣù Kejì ọdún 1998 ni ECOMOG lé wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Ọ̀gágun Abacha, tó ti Abíọ́lá tí àwa dìbò yàn mọ́lé nílé, ló ń dá ẹni tí aráàlú dìbò yàn padà sípò níta. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF àti àwọn ológun tí a ti lé ya wọ Freetown, wọ́n gé ọwọ́ ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì kú kí wọ́n tó lé wọn jáde.

Lẹ́yìn tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gorí àlééfà ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó sọ fún àgbáyé pé bílíọ̀nù 8 dọ́là ni ECOMOG ti gbé mì lápò wa. Ìjọba Kabbah àti RUF fọwọ́ sí àdéhùn Lomé ní oṣù Keje, Ọbásanjọ́ sì ní òun ń kó àwọn ọmọ ogun wálé. Mo gbà pé ó tọ̀nà. Bí ó ṣe lọ ni kò dára. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ẹgbẹ́ aṣọ́-àlàáfíà UNAMSIL sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, wọ́n fún un ní ọmọ ogun 6,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, bí ECOMOG ṣe ń palẹ̀ mọ́ tán, RUF kó bí 500 nínú àwọn tó wá rọ́pò wa nígbèkùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sáré kó ọmọ ogun wá, wọ́n sọ 6,000 di 17,500, oṣù Kìíní ọdún 2002 ni ogun tó parí. Àwọn kan lára àwọn ọmọ ogun wa kò tilẹ̀ délé. Fìlà búlúù Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n dé lé wọn lórí, wọ́n ní kí wọ́n dúró.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ìkúrò le ju ìlọ lọ. Nínú ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí bùdó ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí bùdó tó tú. Ìbàdàn ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn, Èkìtìparapọ̀ á gbá tọ òun. Èkìtìparapọ̀ náà kò sì fọkàn tán Ìbàdàn. Ó gba pé kí ẹlòmíràn dúró láàárín kí wọ́n tó lè ká àgọ́. Ohun tí kò sí ní Freetown nìyẹn: ẹni tó lágbára tó, tó ti wà ní ìdúró kí tiwa tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn tó padà wálé. Ní Àkúrẹ́, lọ́dún 2008, àwọn ọmọ ogun tó ti iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Làìbéríà dé jáde sí títì nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilé ẹjọ́ ológun sọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn sẹ́wọ̀n gbére, wọ́n padà dín in kù sí ọdún méje. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ìṣọ̀tẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, n kò jiyàn. Àmọ́ ìjọba tí kò lè san owó àwọn tó ti rán lọ kò lẹ́nu láti sọ pé òun fẹ́ rán sí i.

Nígbà tí ECOMOG kọ́kọ́ lọ, kò sí aṣòfin tí a lè bi léèrè. Ó wà báyìí. Ìsọ̀rí karùn-ún Ìwé Òfin 1999 sọ pé Ààrẹ kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìgba àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà; bí ewu bá dé tán, ó lè rán wọn, kó sì wá ìfọwọ́sí láàárín ọjọ́ méje. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfipágbàjọba ní Niger gbóná, àwọn aṣòfin gba Ààrẹ Tinúbú nímọ̀ràn pé kó fi ogun sílẹ̀, ogun kò sì wáyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà ìdìtẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọkọ̀ òfuurufú wa ti lọ kí lẹ́tà Ààrẹ tó ń wá ìfọwọ́sí tó dé Ilé. Òfin gba èyí náà láyè, ìdìtẹ̀ yẹn sì ti forí ṣánpọ́n. Ṣùgbọ́n wíwọlé kíákíá kọ́ ló ń dáni lóró, jíjáde ni.

Ẹ̀yin aṣòfin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tún dé iwájú yín, ẹ má kàn bèèrè iye ọmọ ogun. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé, ẹni tó máa rọ́pò wọn, àti àpò tí owó wọn ti máa jáde. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.