ÌWỌ̀ TITUN: KÍ A DÁN AN WÒ KÍ A TÓ RỌ Ọ́ PÚPỌ̀



Ṣé kí Ẹgbẹ́ wa fi owó ran àwọn alágbẹ̀dẹ wa lọ́wọ́ láti rọ ìwọ̀ titun fún àwọn apẹja wa? Èrò mi ni pé kí a ṣe é, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹnu ìwọ̀ tí a mọ̀ nà sókè. Bí ẹja bá gbé e mì, ó lè kọ́ ọ ní ìfun. Ẹnu ìwọ̀ roboto tẹ̀ wọ inú, nítorí náà igun ẹnu ẹja ni ó sábà máa ń kọ́. Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti fi egungun àti ìkarahun gbẹ́ irú rẹ̀ láti ìgbà láéláé. Ní 2004, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ rẹ̀ fún àwọn apẹja rẹ̀ tí ń ta okùn gígùn sí Òkun Àtìláńtíìkì, kí ikú ìjàpá òkun lè dínkù.

A ó gé wáyà irin líle, a ó pọ́n ẹnu rẹ̀, a ó la ẹ̀gún sí i lára, a ó sì tẹ̀ ẹ́. A ó sun ún títí yóò fi pọ́n, a ó rì í bọ epo, a ó sì tún fi iná díẹ̀ yá a. Bí a bá fo iná ìkẹyìn yìí, ìwọ̀ yóò kán bí àwo. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹja ńlá yóò nà án.

Nítorí náà, kí a rọ 60 péré. Kí àwọn apẹja so wọ́n mọ́ okùn kan náà pẹ̀lú ìwọ̀ àtijọ́, kí wọ́n má ṣe já okùn gììrì, kí wọ́n sì ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú fún oṣù kan. Bí kò bá dára, wáyà díẹ̀ ni a pàdánù. Bí ó bá dára, ẹwìrì yóò tún máa fẹ́ ní ìlú wa. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.