Ibi Ìfọ́kùúta Tí Ó Di Ọgbà Ìrántí Iṣẹ́

Bí ìrìn-àjò bá gbé ẹnikẹ́ni nínú yín dé ìlú Llanberis ní àríwá Wales, ẹ má ṣe kọjá láì yà sí ibi ìfọ́kùúta Dinorwic. Síléètì ni òkúta ibẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ̀wé láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó sì fi ń bo òrùlé. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 3,000. Iṣẹ́ parí ní 1969. Ní 1972 ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 2024 ni wọ́n tì í fún àtúnṣe ńlá.

Kẹ̀kẹ́ ràgàjì tí omi ń yí, tí wọ́n ṣe ní 1870, ni àwọn àlejò máa ń yà ní fọ́tò. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ilé kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n tú palẹ̀ níbòmíràn tí wọ́n sì tún un tò. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé òṣìṣẹ́ ní Bethesda ní 1901. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró pẹ́.

Ní Bethesda, Lord Penrhyn ni ó ni ibi ìfọ́kùúta. Ó kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó fẹ́ máa bá sọ ọ́. Ní 1900 wọ́n fi òfin de gbígba owó ẹgbẹ́ níbi iṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nǹkan bí 2,800 ọkùnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1901, bí 400 padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ìwé pélébé ti ń yọ lójú fèrèsé àwọn tí kò padà: “Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ilé yìí.” Ẹ fojú inú wo ilé tí kò ní ìwé yìí, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì jọ ń gbé àdúgbò kan! Ọdún mẹ́ta ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà, ebi sì ni ó fi òpin sí i ní 1903. Ọ̀pọ̀ kò rí iṣẹ́ wọn gbà padà mọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní Llanberis, ẹ dé ilé ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ Dinorwic. Eruku síléètì a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Síbẹ̀, láyé ìgbà náà, àwọn dókítà tí àwọn ọ̀gá ń san owó fún sọ pé eruku kò léwu, pé tíì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sè pẹ́ jù ni ó ń pa wọ́n lára. Òfin tí ó fún àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ti kógbá sílé ní owó gbà-máà-bínú nítorí eruku kò jáde títí di 1979, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí Dinorwic ti pa.