Ọmọ Tí Ń Ka Ìtàn Òṣùpá



Òbí mìíràn a máa bínú bí ọmọ bá ń ka ìtàn àwọn tó fò lọ sí òṣùpá. A ní irọ́ ni, kí ó lọ gbé ìwé gidi. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní 1865, Jules Verne, ará Faransé, kọ ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a fi àgbá ńlá yìn láti Florida, ní Amẹ́ríkà, sí ọ̀nà òṣùpá. Ní oṣù Keje 1969, ọkùnrin mẹ́ta gbéra láti Florida kan náà, méjì nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ṣùgbọ́n Verne ṣì í níbì kan: ẹni tí a bá fi àgbá yìn yóò kú lójú ẹsẹ̀, nítorí eré òjijì náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ń fi eré kún eré ni.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1938, ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Agbára òògùn pọ̀ nínú ìyẹn. Ìṣirò ni àwọn èèyàn Verne gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí àlọ́ ni àpótí tí ń sọ̀rọ̀ yẹn ìbá rí létí àwọn baba ńlá wa. Ta ni ó ń yà lẹ́nu ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ lónìí?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ bi í pé: èwo ló lè ṣẹlẹ̀ níbí, èwo ni kò lè ṣẹlẹ̀? Bí ó bá fi ìdí ọ̀rọ̀ dáhùn, ó ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn.