Ẹrú Kú, Ìyá Kò Gbọ́



Àwọn baba wa wí pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú pẹ̀lú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Pàṣán kò sí nínú òwe yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ohun tí ó fi dá ẹrú mọ̀ ni pé ikú rẹ̀ kò ní dé etí ìyá rẹ̀. Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo Samuel Ajayi Crowther lálẹ́ òní.

Ní 1821, nígbà tí ogun já wọ Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni Àjàyí. Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti yà á nípá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á dé Èkó, níbi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ kí ó máa rìn bí ó ti wù ú, nítorí omi yí ìlú ká, ọmọ òkè ilẹ̀ tí ẹ̀rù omi ń bà kò sì níbi tí yóò sá gbà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n so òun àti àgbàlagbà mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn kan, irin lọ́rùn oníkálukú. Bí àwọn àgbà bá bínú, tí wọ́n fa ẹ̀wọ̀n, ọmọdé ni í máa fún lọ́rùn. Èèyàn há mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yírùn padà kí ọrùn ẹlòmíràn má yí, síbẹ̀ kò sí ìyá, kò sí iyèkan.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun lọ́wọ́ àwọn Pọtogí tí ó rà wọ́n, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Kò sí olówó lórí rẹ̀ mọ́. Ó kàwé, ó gbéyàwó, ó di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kì í ní Àjàyí ògídí olú láàárọ̀ kùtù?

Láti 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀ lọ sí Freetown, ti ń padà wá sí Àgbádárìgì, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn àlùfáà tó jókòó níwájú mi yóò ní ìyìn rere àti òwò ló fà á. N kò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé wọ́n ṣì ń ta èèyàn ní etíkun náà nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti bọ́ lóko ẹrú sì tún mọ̀ọ́mọ̀ padà sí bèbè rẹ̀. Ẹni tí òmìnira Freetown tó kò ní dáwọ́ lé irú ewu bẹ́ẹ̀.

Àjàyí náà padà. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá Àjàyí, Àfàlá, rí ọmọ rẹ̀. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀, àwọn kàn di ara àwọn mú. Nígbà tí ó sì pẹ́, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é nígbà èwe.

Àwọn òpìtàn fẹ́ràn 1864, ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Oyè náà tó oyè, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọdún tí Àjàyí bọ́ lóko ẹrú, èmi kò ní pe 1822.