Táǹkì Epo Tòkunbọ̀ Lójú Ọ̀sà

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ táǹkì epo àlòkù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń rà fún ẹ́ńjìnnì wọn ní Mákòkó. Gbogbo wọn ni ó jọra lórí àtẹ. Inú ni àrùn wà.

Mákòkó wà létí ọ̀sà ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìlàjẹ pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Àjẹ̀ àti ọ̀pá tó fún ẹni tí ń lọ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jìnnà sójú ọ̀sà nílò ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí táǹkì. Táǹkì tuntun wọ́n. Ìdí nìyí tí ojú fi ń lọ sára tòkunbọ̀.

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n sì gbé bọ̀ wálé. Nígbà tí orúkọ náà bọ́ sára ọjà, ó di ohun ìyìn lẹ́nu òǹtajà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìrìn àjò tí ọjà náà rìn nìkan ni orúkọ yìí ń jẹ́rìí sí; kò jẹ́rìí sí ìlera rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí òǹrajà kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣá ìṣáná sí i. Bí ó bá jẹ́ onírin, ìpẹtà ni kí ó wá. Bí ó bá jẹ́ oníke, kí ó wo ibi tí oòrùn ti pa á tí ó fi ń sán. Lẹ́yìn èyí, kí ó pọn omi kún un, kí ó gbé e sórí pákó gbígbẹ mọ́jú. Pákó tí ó bá tutù ti sọ̀rọ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí epo tó wọ inú rẹ̀, nítorí bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ. Omi a máa rì sísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá tí ń fa epo wà gan-an. Kí ó yẹ ihò atẹ́gùn ara ìdérí wò pẹ̀lú. Bí ihò yìí bá dí, epo kò ní í ṣàn dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, wọn a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ tí ó bá kú láàárín ọ̀sà, ìgbì àti atẹ́gùn ni ó di awakọ̀ rẹ̀.

Táǹkì tí ń jò ń jo owó. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May 2023, iye lítà bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, owó kọ́ ni ó burú jù. Ooru bẹntiróòlù, èyí tí imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. A máa sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, a sì máa ba níbẹ̀ de iná. Ní Mákòkó, pákó ni ilé, iná ni àwọn obìnrin sì fi ń yan ẹja.

Àwọn kan a gbé táǹkì onírin tí ó lu lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọn a ní epo ti tán nínú rẹ̀. Epo lè tán. Ooru rẹ̀ kò tán. Iná wẹ́dà lè mú kí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bú gbàù.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni kí tálákà ṣe? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ríra àlòkù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ṣáà ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ohun tí ó tọ́ sí òǹrajà ni àyè láti yẹ ọjà wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtajà tí ó bá kọ̀ kí wọ́n da omi sínú táǹkì rẹ̀ mọ́jú ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdáhùn náà nídìí àtẹ, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ láàárín ọ̀sà.