Páànù Tí Ásíìdì Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń jáde lónìí. Mi ò ní pẹ́ jù, nítorí mo rí i pé oòrùn ti wọlé bá yín lábẹ́ kánópì.

Ilé kan wà ní Papa Àjàó, ní Mushin, tí mo fẹ́ kí ọkàn wa jọ dé lónìí. Ibẹ̀ ni ibi iṣẹ́ Bàbá Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán àti atẹ̀wòrán, wà. Ọmọ Urhobo ni Bàbá. Ọdún 1932 ni wọ́n bí wọn ní Agbarha-Otor. Mushin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ kí ọmọ wọn gbà kọjá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti ń jáde lọ sí Venice, lọ sí London, lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ má sì rò pé ẹnì kan ń bọ́ wọn kí wọ́n máa yàwòrán. Tíṣà ni wọ́n. Láti 1963 títí di 1980 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní St Gregory's College. Wọ́n á kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tán, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi dúró nídìí ásíìdì, ẹ mọ bí a ṣe ń fín páànù tí a ó fi tẹ àwòrán. A ó fi ìda bo ojú páànù, a ó fi abẹ́rẹ́ fa ilà sí i, a ó rì í sínú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá fọwọ́ kàn nìkan ló yẹ kí ásíìdì jẹ. Ní 1967, ásíìdì hydrochloric ni Bàbá ṣèèṣì lò, ó sì jẹ páànù síńkì náà wómúwómú. Iṣẹ́ tí èèyàn fi ọjọ́ púpọ̀ fín, ká wá bá a ní lílu bí ajere!

Bàbá kò dà á nù. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí i, wọ́n fi gúlúù tún ojú rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bí a bá fi tádàwà pa páànù tó rí gbágungbàgun bẹ́ẹ̀, tí a tẹ bébà tútù mọ́ ọn, ọnà náà á yọ gọnbu lára bébà débi pé ọwọ́ lásán á mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tí wọ́n ń pè ní plastograph, inú àṣìṣe yẹn ló ti jáde. Ọdún kejì rẹ̀, 1968, ni ìwé òǹkọ̀wé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde, Bàbá yìí ló sì ya àwòrán inú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín, páànù tèmi náà bàjẹ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ mi nígbà náà jù ú sínú garawa ìdọ̀tí lójú gbogbo kíláàsì. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni mi ò fi súnmọ́ ásíìdì mọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀, àwọn tó ṣáájú wa ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí òtítọ́ rẹ̀ lára Bàbá Yusuf Grillo, tó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tó lé ní ọdún 25. Òun àti Onobrakpeya jọ wà nínú ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1958. Gbogbo ayé mọ Grillo mọ́ àwọ̀ búlúù tó dà bí aró nínú àwòrán rẹ̀. Àmọ́ ní Yaba níbí, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó pàdé ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Grillo ti lọ láti 2021.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó wúwo lẹ́nu mi. Ní Agege Motor Road, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ṣọ́jà dáná sun ilé Fẹlá, olórin. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ títí Aláké, ọba wọn, fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni màmá kú. Ẹ̀mí ìyá kì í ṣe páànù, mi ò sì fi wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí ìjọba sọ pé ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló dáná sunlé, Fẹlá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, bí Bàbá Onobrakpeya ṣe padà sí páànù tó bàjẹ́, ó sì fi sọ àwo orin rẹ̀ lórúkọ ní 1979: Unknown Soldier. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi bo ẹjọ́ mọ́lẹ̀ ni ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà náà fi ń béèrè lónìí pé, ta ló sunlé yìí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọdún tí ẹ wọlé ni mo ti ń ṣa páànù tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín pamọ́. Mo kọ orúkọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí mẹ́rin ni, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá ti ya fọ́tò tán, ẹ yà síbẹ̀, kí kálukú mú tirẹ̀. Ẹ fi bébà wé e dáadáa kí ẹ tó kì í bọ báàgì, etí rẹ̀ mú.